Ohun Líle Tí Kò Lágbára

Ogún pẹ́ńsì ni wọ́n ta ìwé náà fún un
lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé ní Hálífásì,
ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí ewé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra
bíi pé ìka onísúgà kan ti ṣí i rí.
Nazibrola, tó ń nu ilẹ̀ ibẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́,
kò ra ìwé gírámà. Ó ní gírámà ò ní òórùn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ mọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì
kì í ṣe ẹ káàárọ̀, kì í ṣe àdírẹ́sì.
Tọ́fì ni. Lẹ́yìn náà, fọ́ọ̀jì.
Lẹ́yìn náà ló kan yọ́ ọ, rò ó, fà á,
dà á sórí mábù, má fọwọ́ kàn án,
dúró.
Dúró ló pẹ́ jù kó tó yé e.
Ó ń kọ wọ́n sẹ́yìn rìsíìtì,
ó ń pè wọ́n sókè fún kẹ́tùlù.
Otari ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lórí àga:
"Bí ọlọ́pàá bá dá wa dúró ńkọ́,
ṣé bí a ṣe ń se tọ́fì lo máa kà fún un?"
"Òun náà ni. Kò sì ní lè mú wa."

Ní ibùdókọ̀, ó sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ackroyd
pé kùrukùru òwúrọ̀ yìí ti ki,
ó kù díẹ̀ kó máa fà.
Bàbá náà ṣí fìlà. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá rẹ̀ fi wé tọ́fì;
ó ní kò sẹ́ni tó tíì rí ojú ọjọ́ ìlú yìí tó bẹ́ẹ̀.

Ojú ewé kejìlélọ́gọ́ta: bírítù.
Ẹ̀pà nínú ṣúgà pupa, òòlù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Ó kígbe: "Otari! Gosináàkì ni!"
Ó ti mọ nǹkan náà kó tó mọ orúkọ rẹ̀:
ásálà àti oyin, alẹ́ ọdún tuntun ní Kutaísì,
ìyá rẹ̀ tó ń ki ọwọ́ bọ omi tútù
kí oyin má baà jó o.
Bírítù: ohun líle tí kò lágbára.
Ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù kejì, dókítà gbé àwòrán kan síwájú iná.
Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń sáré bí òjò orí páànù,
ẹyọ kan ṣoṣo ni Nazibrola rí mú:
bírítù.
Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ká má purọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́,
ahọ́n rẹ̀ ti ṣáájú etí rẹ̀ dé Kutaísì
kó tó rí ibi tí ìka dókítà dúró sí:
egungun itan Otari, funfun
bíi ṣúgà tí wọn ò tíì gbé kaná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èdè mi, ẹ má fi í ṣẹ̀rín.
Oyin dùn. Ọgbẹ́ dùn wá.
Ẹnu kan náà la fi ń sọ méjèèjì,
a ò sì bi ọ̀rọ̀ náà rí pé èwo ni ọmọ rẹ̀ gan-an.

Lálẹ́, ó tún ṣí ojú ewé kejìlélọ́gọ́ta.
Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wẹ́wẹ́, ibi tí kò kà tẹ́lẹ̀:
bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.
Wé e dáadáa. Má gbé nǹkan wúwo lé e.
Gbé e síbi tí ọ̀rinrin kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Ó pè é sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ní Gẹ̀ẹ́sì, kò ṣì í,
ó wá dìde, ó lọ mú bùláńkẹ́ẹ̀tì.