Aago Mẹ́fà Lórí Fàráńdà Earline

Ooru oṣù keje wọ Tòlídò bí àlejò tí kò mọ ilé lọ.
Earline gbé fáànù sójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí wa,
ó ní fàráńdà òun kì í ṣe ilé-ẹjọ́,
ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́kọ́ bèèrè:
"Àdéhùn Rudd parí lánàá. Ṣé á lọ ni, àbí á dúró?"

Wendell gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi dúró nídìí iná gíláàsì,
ìka rẹ̀ méjì ò ká mọ́,
ó nà wọ́n sókè bí ẹni ń bá rẹfirí jà:
"Kí ló fẹ́ lọ wá ní Máyámì?
Ọdún tí orókún rẹ̀ yẹ̀,
àga tó jókòó sí là ń pàtẹ́wọ́ fún, odidi oṣù mẹ́sàn-án!
Ẹni a gbé pọ̀n ni ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn."

"Ẹ gbọ́ ná," ni Thaddeus wí,
Thaddeus tó ń pín lẹ́tà, tó mọ òfin líìgì ju àdírẹ́sì lọ.
"Òfin ò bá ìfẹ́ tan.
Owó oṣù wọn ní òrùlé; ẹgbẹ́ tó bá nàró jù,
orí rẹ̀ ni yóò fi gbá a.
A ti ha owó fún Bogdan,
tó ń di bọ́ọ̀lù mú bí ẹni gbé omi gbígbóná,
ọdún mẹ́ta ló ṣì kù tí a ó fi máa bọ́ ọ.
Bí Rudd bá wá gba ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ tirẹ̀,
ta ni yóò máa ju bọ́ọ̀lù sí i? Èmi àbí Earline?"

"Kí ọ̀gá san owó-orí àṣejù!"
"Kò ní san án."
"Ó ní ilé méje!
Ó ní ọkọ̀ ojú omi tí ọkọ̀ òfuurufú ń bà lé,
ó wá ń ṣẹ́ sẹ́ńtì mọ́ wa lójú!"

Earline rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé eyín.
"Wendell,
ọdún tí ilé-iṣẹ́ gíláàsì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Mẹ́síkò,
ṣé wọ́n bi ọ́?
Ṣé o dáná sun aṣọ wọn?
Ife wọn lo ṣì fi ń mu bíà."

Ife náà ń làágùn lórí tábìlì.

Ohun tí Earline ò sọ, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.
Ọdún yẹn náà ni lẹ́tà iṣẹ́ ti Téksáàsì dé, owó ìlọ́po méjì.
Lorraine ti ra àpótí aláwọ̀ ewé.
Wendell ní òun ò lè fi ìjókòó òun ní gbọ̀ngàn sílẹ̀:
ìlà kejìlélógún, níbi tí òpó ti dí ìdajì agbọ̀n.
Àpótí náà ni Lorraine gbé nígbà tó ń lọ. Òun nìkan.

Aago mẹ́fà ku díẹ̀, fóònù ọmọọmọ Earline dún.
Demetri, aṣọ Rudd lọ́rùn rẹ̀, nọ́mbà kẹsàn-án ti ń bó.
"Ó ti lọ," ló wí. "Ọdún mẹ́rin."

Thaddeus ti ń ṣírò àyè tó ṣẹ́ kù lábẹ́ òrùlé.
Mò ń wo ẹnu Wendell, mò ń retí èébú.
"Mẹ́rin péré?" ló wí.
"Pẹ̀lú orókún yẹn? Màrún-ún ni ìbá gbà.
Ta ló ń gba ọmọ yẹn nímọ̀ràn?"

"Ṣé kí n bọ́ aṣọ yìí?" ni Demetri bèèrè.
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.
Ó ká ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣù, ó sáré, ó fò,
ó jù ú sínú korobá tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn.

"Kò wọlé! Ìgbésẹ̀ mẹ́ta lo gbé!"
"Méjì ni!"
"Mẹ́ta, mo kà á."
"Èyí àkọ́kọ́ kì í ṣe ìgbésẹ̀, òfin ti yí padà!"
"Lọ́wọ́ ta ni?" ni Wendell wí, ó ti dìde,
ó ń wá bàtà rẹ̀ kan lábẹ́ àga.