Méjìdínlógún Ló Kù

Mo fi tíṣù wé ọ, mo fi ọ́ sápò kóòtù,
ìwọ tí o dúró lápá òsì èjí mi
láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìkìrun.
Afẹ́fẹ́ odò Tay ń gbá mi létí,
mo ń gun òkè lọ sílé, mo ń fi ahọ́n wá ọ.
Ahọ́n débẹ̀, ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi di bísíkíìtì sínú páálí ní Dundee yìí.
Ṣúgà ń bà lé mi lọ́wọ́, lára ìpéǹpéjú, nínú irun;
n kò mọ̀ pé ó ń wá ibi tí yóò kọ́lé sí.
Nígbà tó yá, itọ́ gbẹ lẹ́nu, ìtọ̀ pọ̀ bí òjò.
Àmì ohùn lásán ló ya méjèèjì sọ́tọ̀,
ọ̀kan ń dá mi lóró lọ́sàn-án,
èkejì ń jí mi lẹ́ẹ̀mẹrin lóru.

Lọ́dọọdún, nọ́ọ̀sì a fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi:
“Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?” Mo ní mo mọ̀ ọ́n.
Wọ́n ya àwòrán ẹyinjú mi.
Kò sẹ́ni tó ní, “Ẹ la ẹnu.”
Èmi náà ò sọ. Ẹ̀jẹ̀ ń yí búrọ́ọ̀ṣì láwọ̀, mo ń ṣàn án dànù.
Mo ní ogbó ni. Ẹni àádọ́rin ọdún ò ń ka eyín.

Oṣù méje ni mo fi dúró de dókítà eyín.
Ọmọbìnrin kan ni, Catriona, ọwọ́ rẹ̀ tutù nínú ìbọ̀wọ́.
Ó wo erìgì mi títí. Ó ní,
“Ṣúgà yín ló ń bọ́ egbò yìí,
egbò yìí náà ló ń ti ṣúgà yín sókè.”
Mo rántí àwọn ìyàwó bàbá mi méjèèjì:
bí ọ̀kan bá fọ́ àwo, èkejì a fọ́ ìkòkò.

Ládàpọ̀, ìwọ tí o torí èjí kọ lẹ́tà mẹ́ta kí n tó dáhùn,
èjí ọ̀hún ti di ẹnu ọ̀nà o.

Nílé, orí òrùlé páànù la máa ń ju eyín sí,
a ó sì pa ẹnu dé kí aláǹgbá má baà rí àlàfo:
bó bá rí i, òmíràn ò ní hù.
Níbí, òrùlé ga ju apá mi lọ.
Aláǹgbá ò sí. Ẹyẹ òkun kan ló ń wò mí,
n kò sì mọ òfin tirẹ̀.
Mo pa ẹnu dé síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń padà sọ́dọ̀ Catriona.
Méjìdínlógún ló kù. Mo ti kà wọ́n.