Àlàfo

Ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Grimsby,
lókè ṣọ́ọ̀bù tó ń ta àwọ̀n ìpẹja àti bàtà òjò,
mo jókòó ti ìwé àdéhùn ojú-ewé igba ó lé mẹ́rìnlá:
ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí, ta ló ni ín, ta ló yá a,
ta ni yóò tún òrùlé ṣe bí ìjì Òkun Àríwá bá ṣí i.

Ọ̀gbẹ́ni Blanchard, ọ̀gá mi, ọwọ́ ló fi ń tẹ nọ́ńbà.
Ó tẹ ení, ó tẹ àmì ìdánudúró, ó tẹ èjì,
ó ń lu àlàfo, ó ń lu àlàfo, bí ẹni ń lé adìẹ,
títí ìlà yóò fi gún lójú ara rẹ̀.
Ó dára. Ó dára títí di ọjọ́ Ajé
tí oníbàárà ní ká yọ abala kẹrin.

Ìkarùn-ún kò mọ̀ pé òun ti di ìkẹrin.
"Wo 4.2.1" ṣì ń nawọ́ sí ilé tí wọ́n ti wó.
Mo sì fẹ́ bá bọ́ọ̀sì aago mẹ́fà lọ.

Mo bá pa gbogbo nọ́ńbà ọwọ́ rẹ́.
Mo fi ẹni tó jẹ́ bàbá han kọ̀ǹpútà,
mo fi ọmọ hàn án, mo fi ọmọ-ọmọ hàn án:
Àkọlé Kìíní ni kó gba ipele kìíní,
Àkọlé Kejì kó sún wọlé díẹ̀, kó fi orúkọ bàbá ṣáájú tirẹ̀,
Ìkẹta kó sún wọlé sí i, kó ru orúkọ àwọn méjèèjì.
Bí bàbá tuntun bá dé, kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti ení,
kí wọ́n má ṣe máa ka ìyókù agbo ilé ẹlòmíràn lọ.
Ìgbà àkọ́kọ́, ó yí sódì:
abala keje sáré di ọmọ abala kẹfà, ó ń jẹ́ 6.9.
Mo ṣépè fún un ní Yorùbá.
Maureen, lórí tábìlì kejì, béèrè bóyá àdúrà ni.

Nígbà tó yá, ó gbọ́.
Mo yọ abala kan, àwọn tó kù sún mọ́ra,
wọ́n pààrọ̀ orúkọ láìsunkún,
bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò jókòó síbẹ̀ rí.
Blanchard fúnra rẹ̀ gbé tíì wá fún mi.

Àlàbá ni mí.
Orúkọ mi, nọ́ńbà ni:
ìbejì ṣáájú, Ìdòwú tẹ̀ lé wọn, èmi tẹ̀ lé Ìdòwú.
Ọdún tí mo pé mẹ́fà ni ibà gbé e lọ.
Kò sẹ́ni tó sún mi sókè.
Kò sẹ́ni tó jí lọ́jọ́ kejì kó pè mí ní Ìdòwú
kí ìlà lè gún.
Ibi tó máa ń sùn lórí ẹní, a ò sún mọ́ra dí i.
A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, síbẹ̀
orúkọ mi ń kà á lójoojúmọ́.
Kódà Maureen, tí kò lè pè é bó ṣe yẹ,
ó ń sọ láìmọ̀ pé ẹnìkan wà ṣáájú mi.

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ní kó tún gbogbo ìtọ́kasí ṣe.
Lójú-ewé kọkàndínlọ́gọ́rin ó kọ ọ́ dúdú kirikiri:
Àṣìṣe. A ò rí ohun tí ẹ tọ́ka sí.
Mo wò ó pẹ́.
Ìyá mi kò ní dáhùn báyìí láéláé.
Bi í léèrè, yóò mú ọ lọ sẹ́yìn ilé, sídìí igi ọsàn,
yóò ní kí o rọra tẹlẹ̀.

Mo pa ìlà náà rẹ́. Ìwé oníwèé ni.
Mo fi ránṣẹ́, mo wọ kóòtù mi.
Ẹyẹ òkun ń ké lórí òrùlé, bọ́ọ̀sì ti lọ.
Mo dúró nínú òjò de èyí tó tẹ̀ lé e.