Ìka Mẹ́ta Sọ́tùn-ún

Mẹ́ta ni Sààká tò sórí tábìlì fún mi
ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ọjà Ìpàta, n'Ílọrin.
Ó fi àkísà olóròóró nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.
Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tuntun.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí l'Ómù-Àrán.

"Màmá, agolo gáàsì ni èyí ń jẹ.
Ẹ ò ní fa nǹkan kan. Ẹ kàn máa yìn ín ni."
Gáàsì tí mo fi ń se ọbẹ̀ gan-an,
mélòó ni mo rí rà lóṣù tó kọjá?
Gbé e kúrò.

Èkejì dúdú, ó ń dán, ó ní awò lórí.
Mo fojú sí i, ògiri òdìkejì títì wá sábẹ́ imú mi.
Mo rí aláǹgbá kan tó ń mi orí níbẹ̀,
mo ka èékánná rẹ̀.
Mo béèrè iye. Ó dá mi lóhùn.
Owó yẹn á ra ẹ̀gẹ́
tí gbogbo òkété Ìgbómìnà ò ní jẹ tán.

Ẹ̀kẹta ti dàgbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.
Igi ìdí rẹ̀ ti sán, wáyà ni wọ́n fi dì í.
Ọrùn rẹ̀ lèèyàn ń ṣẹ́ kó tó lè mí:
o tẹ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ títí yóò fi dún kẹ̀,
o ki ọta kan tí kò tó hóró ẹ̀wà,
o dá ọrùn padà.
Sààká ní ó le fún obìnrin.
Mo ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ó panu mọ́.
Apá tó fa Ìgè mọ́kànlélógún jáde láàyè!

Mo yìn ín sí páálí bisikíìtì lẹ́yìnkùlé rẹ̀,
ó yà ní ìka mẹ́ta sọ́tùn-ún.
Mo tún un yìn. Ìka mẹ́ta sọ́tùn-ún.
Ìdí tí mo fi rà á nìyẹn.
Àléébù tó bá dúró sójú kan, èèyàn lè bá a gbé;
mo bá bàbá Adéwùsì gbé bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún.

Adéwùsì ló fowó ránṣẹ́ láti Jọ́ọ̀sì.
Májèlé ló kọ́kọ́ ní kí n rà.
Májèlé ò mọ adìẹ Ìyá Ṣíjúadé yàtọ̀ sí olè.

Mo fi ẹní wé ìbọn, mo gbé e lé itan nínú mọ́tò,
ìwé tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀ wà nínú bùbá mi.
L'Ájàṣẹ́, ọlọ́pàá ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe.
Òkété, mo ní.
Ó ní kí n má gbàgbé ẹsẹ̀ kan fóun.

Òṣùpá mọ́ lálẹ́ ọjọ́ kẹta.
Mo jókòó lórí odó tí mo dojú rẹ̀ dé.
Ó jáde lábẹ́ ẹ̀gẹ́, ó ń wọ́ ikùn nílẹ̀,
etí kan ti ya, irun imú ti funfun.
Àgbàlagbà ni.
Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé iṣu ẹ̀gẹ́ mi bí ẹni gbé àwo,
ó ń họ ọ́ jẹ, kò kánjú.

Mo gbé ẹnu ìbọn sí òsì, ìka mẹ́ta.
Fóònù mi tàn lórí itan:
owó oṣù yìí ti wọlé.
Òkété gbójú sókè sí ìmọ́lẹ̀ náà.
Wọ́n ní bó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.
Mo yìn ín.

Ìbọn tí ò lọ tààrà rí,
alẹ́ ọjọ́ yẹn ló rí ọ̀nà tààrà lọ.
Àbí ọwọ́ mi ni, n ò mọ̀.
Láàárọ̀, ihò kan wà lára garawa mi,
omi ń gba ibẹ̀ dà sórí tẹ̀tẹ̀.

Adéwùsì pè, ó ní ṣé mo ti pa á.
Mo ní ó kù díẹ̀.