Nọ́ńbà Inú Fèrèsé

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n kéde rẹ̀ ní Oslo,
aago mẹ́wàá tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Vardø,
tí oòrùn ò ní í yọ títí ọdún tuntun yóò fi wọlé.
Èmi ni mo ń pààrọ̀ nọ́ńbà inú fèrèsé báńkì wa.
Mo gun àpótí, mo yọ márùn-ún, mo wá mẹ́rin nínú dúrọ́ọ̀.
Eruku ti bò ó
bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sílé ìyá àgbà.
Mo fi etí aṣọ mi nù ún.
Àwọn mẹ́ta dúró síta nínú yìnyín,
wọ́n ń wo ọwọ́ mi bí ẹni ń wo ojú dókítà.

Ohùn kan lórí rédíò ní owó ti jókòó jù,
wọ́n dín èlé kù kó lè dìde, kó lè rìn.

Ẹ̀gbọ́n mi Sigbjørn ló kọ́kọ́ fóònù.
"Ṣé òótọ́ ni?"
Mo ní òótọ́ ni.
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ohùn rẹ̀,
ọkọ̀ ẹja tó fi gbèsè rà.
Èlé ló ń lé e kiri òkun:
èlé kì í sùn, kì í gba ìsinmi Kérésì,
ìjì ń jà, ẹja ò jáde, èlé ń jẹ lọ ní tirẹ̀.
"Màá tún àwọ̀n ṣe. Màá gba ọmọ Terje padà síṣẹ́."
Ó rẹ́rìn-ín.
Ó tó ọdún méjì tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

Ìyá wa ò fóònù. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá,
nínú bàtà tó ní ìṣó nídìí.
Ó wo nọ́ńbà náà, ó wo èmi tí mo gbé e síbẹ̀.
Ogójì ọdún ló fi gé orí ẹja
ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tì pa;
ìka rẹ̀ méjì ò ṣeé ká mọ́.
Owó ìka yẹn ló wà lọ́wọ́ báńkì.
Èlé rẹ̀ ló fi ń ra iná, ló fi ń ra kọfí,
ló fi ń ra òdòdó sójú oórì bàbá wa.
"Ẹ ti bù nínú kọfí mi," ló wí.
Mo ní, Màmá, kì í ṣe èmi.
Ó ní, "Ta ló gun àpótí?"

Wọ́n ní òjò ò bá ẹnìkan ṣọ̀tá,
ẹni eji rí ni eji ń pa.
Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe òjò. Ènìyàn ló jókòó yí tábìlì ká,
wọ́n wo ìwé, wọ́n mu omi, wọ́n dìbò,
wọn ò mọ Torbjørg, wọn ò mọ ìka rẹ̀.
Síbẹ̀ n kò lè bú wọn.
Mo ti rí ẹ̀gbọ́n mi lóru tó ń ka owó,
tó tún un kà,
bí ẹni pé lẹ́ẹ̀kẹta yóò bímọ.

Kó tó di oṣù kejì, kíróònù wa ti rọ̀ díẹ̀.
Àwọn ará Portugal ń béèrè ẹja gbígbẹ sí i,
ọsàn tó ti òkè òkun wá sì ti fò sókè.
Ilé pupa òpópónà wa, tí ẹnikẹ́ni ò yà sí tẹ́lẹ̀,
ẹni méjì ti ń du ú.
Ọmọ Terje ló ti ń fojú sí i láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Ó ríṣẹ́ báyìí. Ilé ti sá fún un.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Sigbjørn gbé àpò kọfí wá fún Màmá.
Ó fọwọ́ wọ̀n ọ́n wò. "Ṣé èlé mi nìyí?"
"Rárá. Ẹja ni."
Ó sè é, ó le bí ọ̀dà, àwa mẹ́ta mu ún.
Kò sẹ́ni tó dárúkọ nọ́ńbà.
N kò sọ fún wọn pé mẹ́ta wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀,
pé mo ti rí i,
pé n kò tíì nù ún.