Ẹnìkan Kì Í Jẹ́ Àwá Dé

Ọyẹ́ bo fèrèsé wọ́ọ̀dù kẹta ní Kàdúná.
Kọ́bọ́ọ̀dù òògùn ṣí sílẹ̀, aláǹgbá ló ń gbé ibẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ètò ìlera,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni akọ̀wé fi ìwé mi dé ife tíì.

Lọ́sẹ̀ tí bàbá Habu tún dè é mọ́ ìdí dongoyárò,
ó wò mí lójú:
"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ò lóògùn, èmi nírin.
Kí ni kí n ṣe?"
Ẹnu mi kú.

Ni Lantana bá fa àga rẹ̀ mọ́ tèmi.
Terseer dé, ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ wo ọkàn sàn.
Gyang dé, tó mọ ilé aláìsàn kọ̀ọ̀kan,
tó tún mọ èyí tí ajá rẹ̀ ń bunijẹ.
Dókítà Rifkatu, tí a kò jọ jẹun rí,
ní, "Ẹ fún mi ní bírò."
Lẹ́tà kan, orúkọ márùn-ún, àwọ̀ yíǹkì mẹ́ta.

Wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Ajé.
A ò dìde lórí bẹ́ǹṣì.
Ọ̀gá jáde: "Ta ló kọ èyí gan-an?"
Ó ń wá ọrùn kan tí yóò so ẹ̀bi kọ́.
Lantana fi Haúsá dáhùn, Gyang fi Gẹ̀ẹ́sì,
èmi sọ ọ́ ní Yorùbá, lábẹ́ ẹnu:
àwa ni.

Páálí kan ààbọ̀ ló dé lọ́jọ́ Ẹtì.
Kò tó.
Habu gbé tirẹ̀ mì;
ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì dúdú níbi tí irin ti jẹ ẹ́.
Terseer ti ń wá bébà míràn.
"Àdírẹ́sì ńkọ́?"
"Ibẹ̀ náà ni."