Báwo Ni Odi Yín Ṣe Ga Tó?

Èmi ni mo to àga lálẹ́ ọjọ́ náà,
ọgọ́ta àga, ní gbọ̀ngàn abúlé Kerkhoek, ní Zeeland,
níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju òkun lọ,
tí òkun sì mọ̀.
Mo rò pé àwọn tó máa wá kò ní ju ogún.
Wọ́n wá títí àwọn kan fi fẹ̀yìn ti ògiri,
omi ń kán tó, tó, tó lára ẹ̀wù òjò wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wá láti Amsterdam, Thijmen lorúkọ rẹ̀.
Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì tí a máa ń ta káàdì lé,
ó fi ìlà pupa kan hàn wá lára ògiri,
ìlà tó ń gòkè, tó ń gòkè,
tó gòkè títí tó fi kan àjà.
Ó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá ni. Ó ní kò ní pẹ́
tí yóò fi gbọ́n ju ẹni tó ṣe é lọ,
tí yóò wo jẹjẹrẹ sàn,
tí yóò mọ ìrìn ìjì kí ìjì tó jí.
N kò kórìíra rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni,
ó bá mi gbé tábìlì.

Krijn apẹja béèrè ti owó.
Olùkọ́ kan béèrè ohun tí òun yóò máa kọ́ ọmọ
bí ìdáhùn bá ti ṣáájú ìbéèrè dé kíláàsì.
Jikke, tí kò tíì pé ogún ọdún,
béèrè bóyá ó tọ́ kí òun bímọ sáyé yìí.
Kẹ́kẹ́ pa. Ẹnì kan wúkọ́.

Ìgbà náà ni Leuntje dìde.
Ọmọ ọdún méje ni ní òru tí òkun wọlé.
Rédíò ti kógbá wọlé láago méjìlá;
ẹni tó mọ̀ kò rí ẹnu fi sọ,
ẹni tí ìbá gbọ́ ti sùn.
Ilẹ̀ mọ́ bá Leuntje lórí òrùlé.
Kò mọ́ bá àbúrò rẹ̀.

"Ọmọ," ó ní, "àwọn tó ń ṣe é gan-an,
ṣé wọ́n ní ó lè bàjẹ́?"
Thijmen wo bàtà rẹ̀.
Àwọn kan ní kò tó nǹkan.
Àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún. Àwọn kan, nínú mẹ́wàá.
"Bó bá wá bàjẹ́ ńkọ́?"
"Yóò bọ́ lọ́wọ́."
"Lọ́wọ́ ta ni?"
"Lọ́wọ́ gbogbo wa, ìyá àgbà."

Ó nàka sí fèrèsé, sínú òkùnkùn.
"Odi tó wà níta yẹn,
ìjì tó lè fò ó, ẹ̀ẹ̀kan péré
la gbà fún un láàrin ẹgbàajì ọdún.
A ṣírò rẹ̀. A sanwó rẹ̀. A mọ ọ́n sókè.
Omi lásán mà ni o! Omi tí kò lè ka
ìwé tí a fi mọ odi.
Ẹ̀yin wá ń sin òkun tó mọ̀wé.
Lónìí ẹ̀ ń sìn ín bí ẹran,
lọ́la ẹ lè máa sìn ín bí olúwa.
Báwo ni odi yín ṣe ga tó?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn:
"Ẹni ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá."
"Ó lè jẹ́ ekòló lóòótọ́," ni Leuntje wí.
"Ta ló ti ya ẹnu rẹ̀ wò?"

Thijmen pa kọ̀ǹpútà dé. Kò fèsì.
Nígbà tí a ń kó àga jọ ló sọ fún mi
pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ òru níbi iṣẹ́ àwọn.
"Gbogbo wa là ń sáré," ó ní,
"torí pé àwọn yòókù ń sáré."

Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì,
mo tan iná sí irin pẹlẹbẹ tí a kàn mọ́ ògiri:
ibi tí omi dé.
Ó ga ní èèyàn. Ó dúró lábẹ́ rẹ̀ pẹ́,
ó na ọwọ́ sókè.
Kò tó o.